Rẹ́gúlétọ̀ Mẹ́ta Lórí Tábìlì Mi

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú omi kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí. Wọ́n ní kó lọ ha ìkarahun àti ewé omi kúrò lára asẹ́ irin kan lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Kò tíì ṣe é dé ìdajì tó fi fa okùn pé kí wọ́n máa fa òun bọ̀. Nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn èbúté, ó jókòó, ó yọ rẹ́gúlétọ̀ tó fi ń mí kúrò lẹ́nu, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo àwọn òmùwẹ̀ tó kù ló rí i. Máníjà náà rí i láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀.

Mi ò sí níbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí mo ti ń tún ohun èlò àwọn òmùwẹ̀ ṣe. Onígíláàsì ló wá sọ fún mi. Òun ló ń di okùn ẹ̀gbọ́n mi mú láti orí ilẹ̀, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ní irun lórí. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife.

"Má-kánjú kánjú jáde lónìí o," ló wí.

Má-kánjú ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́, nítorí pé ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, títí kan ẹni tí ilé rẹ̀ bá ń jó. Mo rẹ́rìn-ín. Onígíláàsì ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo gbé ohun tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀.

Máníjà kéré sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí, ọmọlúwàbí sì ni. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe yín lọ́wọ́ mi. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ẹnu géètì ni mo máa gbé yín lọ. Ẹ ó máa jókòó, ẹ ó máa ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò."

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, kò jẹun.

"Iṣẹ́ ṣì ni iṣẹ́ ẹnu géètì," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ó máa tètè wálé."

"Mo ní mo mọ̀."

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́. Lórí ilẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, à ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, ẹsẹ̀ kan a dún, èkejì a wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ inú omi, omi á gbé e, ìrora á sì lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé inú ẹrẹ̀ tó ṣókùnkùn yẹn nìkan ni òun ti máa ń gbàgbé pé òun ní orúnkún. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mú un kúrò.

Mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún un ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé èmi ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Bàbá wa ti ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé-ìwé nígbà náà. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ sí èbúté, ó sọ fún wọn pé òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Yàrá kan là ń gbé lókè ilé búrẹ́dì. Nígbà òtútù ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kúbùsù kan la ní. Ó fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì kí oníkálukú lè ní tirẹ̀. Ìdajì kò bo ẹnikẹ́ni nínú wa dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e, ó fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ bò mí. Ojú ìrán náà rí bí ọgbẹ́ tó jinná, ó sì wà lára rẹ̀ títí kúbùsù náà fi gbó.

Nígbà tí mo dàgbà tó láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, bàtà kan ṣoṣo tí kò jò ló wà nílé. Òun ló ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, èmi á ki àkísà sí i níwájú, màá wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì. Ó máa ń gbóná lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó máa ń rì rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ sínú garawa omi mímọ́ kí iyọ̀ lè jáde lára rẹ̀. Èmi ló ń fún ní iṣẹ́ fífọ̀ ọ́. "Dé e lórí kó o tó rì í, Kékeré," ló máa ń wí. "Tí omi bá wọ ibẹ̀, èmi ló máa mu ún." Kékeré ló ń pè mí. Kò pè mí ní nǹkan mìíràn rí, kódà nígbà tí irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Láti inú garawa yẹn ni mo ti mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, kí n tó lọ kọ́ ọ níwájú olùkọ́.

Ẹni tí kò bá wọ inú omi rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà débi pé tó bá tú jáde sí èèyàn lẹ́nu bẹ́ẹ̀, á fa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ya. Rẹ́gúlétọ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní orí kan tí a so mọ́ sílíńdà, tó ń tu agbára afẹ́fẹ́ náà lójú. Ó ní ẹnu kan tí òmùwẹ̀ ń fi eyín dì mú. Rọ́bà gígùn ló so orí mọ́ ẹnu. Tí òmùwẹ̀ bá fa èémí, ilẹ̀kùn kékeré kan á ṣí. Tó bá dẹ́kun, á tì. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣe rọrùn tó láti ṣí la fi ń mọ̀ bóyá rẹ́gúlétọ̀ dára tàbí kò dára.

Dọ́kítà ní àyà ẹ̀gbọ́n mi ò ní àrùn, pé ọjọ́ orí ló dé. Mo gba rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì, mo fi ẹnu ara mi fà á. Ó dà bí ẹni tó ń fi sitíróò mu oyin. Ohun tó fi ń mí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, lórí iṣẹ́ agbára.

Mo lọ bá máníjà. "Ọ̀gá, kì í ṣe àyà rẹ̀ nìkan. Ohun tó fi ń mí ló ti gbó. Gbogbo tiwọn ló ti gbó."

"Àǹtí, ṣé torí ẹ̀gbọ́n yín lẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Torí ẹ̀gbọ́n mi ni. Síbẹ̀, òótọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun máa mú irú méjì tuntun wá, kí n fi wọ́n wé ti àtijọ́. "Ẹ wo bó ṣe ń mí. Ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó, kí ẹ sì wo ohun tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná wa. Ẹ má wá sọ fún mi pé ó ń dán. Ẹni tó ń tà á ti sọ ìyẹn."

Àwọn òmùwẹ̀ ti fún wọn lórúkọ kí n tó tú wọn jáde nínú páálí. Ti àtijọ́ di Arúgbó. Èyí tí kò wọ́n di Pọ́ọ́kú. Ẹ̀kẹta, tí owó ọ̀kan rẹ̀ tó ra Pọ́ọ́kú mẹ́rin, di Ìyàwó.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìyàwó?" ni mo bi wọ́n.

"Ó wọ́n, ó ń dán, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mọ ìwà rẹ̀," ni Onígíláàsì dáhùn.

Géèjì kan wà lórí tábìlì mi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń fi hàn bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ fa èémí tó kí ilẹ̀kùn rẹ́gúlétọ̀ tó ṣí. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe lọ jìnnà tó ni wàhálà ẹni tó ń mí ṣe pọ̀ tó. Máníjà wá dúró tì mí, àwọn òmùwẹ̀ rọ̀gbà yí wa ká, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpótí nítorí orúnkún rẹ̀. Mo fi sílíńdà tó kún bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ́kú yà wá lẹ́nu. Díẹ̀ báyìí ló fi yàtọ̀ sí Ìyàwó.

"Ṣé ẹ rí i?" ni máníjà wí, ó ti ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Mẹ́rin ni mo máa rà."

"Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá. Òmùwẹ̀ kì í fi sílíńdà tó kún parí iṣẹ́."

Mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà lọ sílẹ̀ dé ìdajì, mo tún dán wọn wò. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dé ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Níbẹ̀ ni abẹ́rẹ́ Pọ́ọ́kú ti fò lọ sápá kejì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bíi kẹ́tù tí omi rẹ̀ ń hó. Mo tú u. Rọ́bà tó di ilẹ̀kùn rẹ̀ kò nípọn ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn tó ń tà á kò sì ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́tọ̀.

"Ẹ ó rà á, ẹ ó jù ú nù, ẹ ó tún rà á," ni mo sọ fún máníjà. "Tó bá fi máa di ọdún kẹta, ẹ ti ra Ìyàwó láìní Ìyàwó."

"Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Arúgbó náà le sí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù, ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Agbára afẹ́fẹ́ inú sílíńdà fúnra rẹ̀ ló ń bá a ṣí ilẹ̀kùn. Tí agbára yẹn bá ti ń rẹ̀, ilẹ̀kùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í le láti ṣí. Ti Ìyàwó yàtọ̀. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ohun tó ṣẹ́kù nínú sílíńdà má lè kàn án. Mo dán an wò nígbà tó kún, mo dán an wò ní ìdajì, mo dán an wò nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Abẹ́rẹ́ dúró síbi tó wà.

"Kò yí padà," ni mo wí sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bákan náà ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí ìyìn ni mo sọ ọ́, bí ìyìn ni gbogbo wọn gbọ́ ọ. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi lórí àpótí rẹ̀, inú mi sì dùn lọ́nà tí kò tíì tún dùn mọ́.

Kòtò omi ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí a fi ń dán nǹkan wò. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè dúró lókè kó ka nọ́ńbà tó wà lára sílíńdà ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ru irin láti igun kan dé igun kejì kó lè rẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tó fi Arúgbó wọlé, ó jáde, ó sì jókòó fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè dá wa lóhùn. Nígbà tó fi Ìyàwó wọlé, ó ti ń sọ̀rọ̀ kí orí rẹ̀ tó jáde tán.

"Kékeré," ló wí, "ó dà bíi pé orí ilẹ̀ ni mo wà."

"Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?"

Ó rò ó. Kì í dáhùn ohunkóhun kó tó rò ó. "Ó dùn. Àmọ́ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ẹ wo bàbá yìí," ni Onígíláàsì wí. "Wọ́n fún un níyàwó tí kì í sọ̀rọ̀, ó tún ń ráhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sínú kòtò. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi bi í pé, "Kí ni Arúgbó máa ń bá yín sọ?"

"Pé afẹ́fẹ́ ti ń tán. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í le báyìí, mo mọ̀ pé kí n máa bọ̀ nílé."

"Géèjì tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn ló wà fún ìyẹn, bọ̀ọ̀dá mi."

"Géèjì kẹ̀? Ṣé o ti wọ ibi tí à ń ṣiṣẹ́ rí ni? Tó o bá gbé ọwọ́ rẹ síwájú ojú rẹ níbẹ̀, wàá rò pé wọ́n ti gé e."

Bí àwọn àgbà èbúté yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Nínú ẹrẹ̀ tí ojú kò ríran, wọ́n ti sọ líle èémí di aago, bí èèyàn ṣe máa ń mọ àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń jáde nígbà tí ẹni tó di okùn wọn mú bá fà á fún wọn pé àsìkò ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró de ìyẹn. Onígíláàsì ti pẹ́ tí kò ti wo aago fún un mọ́. "Òun fúnra rẹ̀ ni aago," ló máa ń wí.

Mi ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo wá géèjì kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tó máa ń tàn nínú òkùnkùn, máníjà sì rà á láìjanpata. A so ó mọ́ rẹ́gúlétọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó lọ sísàlẹ̀ kòtò, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ó fi ìka hàn wá bó ṣe rí. A jọ fẹnu kò níwájú máníjà pé tó bá ti ha ibì kan tán, á gbé géèjì náà lé awò ojú rẹ̀ kó tó bọ́ sí ibòmíràn. Onígíláàsì náà ní òun á máa wo aago. Òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí kò sọ ohun tó yẹ kó sọ. Mo ti yẹ ìyẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Máníjà ra Ìyàwó fún gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gbà á.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e dára. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dára. Ó ń jáde nínú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn èbúté, máníjà á juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó dárúkọ géètì mọ́. Nílé, ó ń jẹun, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì. Ikọ́ tó máa ń hú lórí ibùsùn dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ fún ọkọ mi, Àǹtí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi mí. "Ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò sì dára."

"Afẹ́fẹ́ ni mo fún un."

"Ẹ bá mi dín in kù díẹ̀."

Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, á jókòó lórí àpótí yẹn, á máa wò mí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó sọ lọ́jọ́ kan pé, "Kékeré, ìsinmi ni mò ń lọ ṣe níbi iṣẹ́ báyìí."

"Ṣé ẹ ń wo géèjì?"

"Mò ń wò ó."

"Ṣé ẹ ń wò ó ni, àbí ẹ ń sọ fún mi pé ẹ ń wò ó?"

"Mò ń wò ó, ìyá mi."

Òótọ́ ló sọ. Onígíláàsì náà jẹ́rìí sí i. Bí iṣẹ́ bá fara rọ, ó máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni ara rẹ̀ ti ń dúró de àmì kan, ara kì í sì í gbàgbé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wo géèjì. Ara rẹ̀ ṣì ń retí kí èémí le.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, òjò ti rọ̀ lókè odò láti ọjọ́ mélòó kan. Omi náà nípọn, ó sì ń ṣàn kíkankíkan. Wọ́n rán an lọ sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn, sídìí irú asẹ́ irin kan náà. Ìṣàn omi fẹ́ gbé e lọ, ló bá fi ọwọ́ òsì di irin asẹ́ mú, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ha á. Kò sí ọwọ́ tó ṣẹ́kù fún géèjì. Tó bá fẹ́ gbé e sójú, ó gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ irin. Tó bá jọ̀wọ́ irin, omi á gbé e kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹni tó ń jà pẹ̀lú omi bẹ́ẹ̀ ń mu afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ha asẹ́ náà débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó lọ parí rẹ̀ lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìwọ̀nba bí àwo oúnjẹ ló kù. Gbogbo ìgbà yẹn, Ìyàwó ń fún un ní èémí tó rọrùn, tó kún, bíi ti àkọ́kọ́. Ó rò pé àsìkò ṣì wà, nítorí pé èémí kò tíì le.

Lẹ́yìn náà ló le lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tán.

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n fa òun jáde kíákíá. Onígíláàsì fà á lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan sáré bá a dì í mú. Okùn náà kò wá. Ìṣàn omi ti gbé e yí irin ìtọ́kọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ náà ká. Òmùwẹ̀ mìíràn bọ́ sómi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, orí àtẹ̀gùn ibi tó jókòó sí ní oṣù Kejì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀. Omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nítorí pé kò sí ibòmíràn tí àyè wà. Dọ́kítà dé, ó kúnlẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Onígíláàsì dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. "Aago ò tíì tó," ló wí fún mi. "Mò ń wò ó. Mò ń wò ó lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀," ni mo wí.

"Ó ku díẹ̀ kó tó. Mò ń wò ó."

Ó sọ ọ́ fún máníjà. Ó sọ ọ́ fún dọ́kítà, tí kò bi í léèrè. Láti ìgbà náà, tó bá ti rí mi, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ nìyẹn kó tó kí mi.

Èmi ni mo lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Mo rọra gun àtẹ̀gùn ilé wa bí mo ṣe máa ń gùn ún. Ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi láti inú ilé. Kó tó ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ̀yin nìkan ni?"

Mo gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn náà.

"Èmi nìkan ni," ni mo wí.

Wọ́n ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan rẹ́gúlétọ̀ náà. Àwọn kan wá láti ibòmíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àléébù. Lẹ́yìn tí wọ́n parí, máníjà fúnra rẹ̀ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti wá jẹ́jọ́.

"Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Wọ́n ní ó pé."

"Ó pé."

"Ṣé ká dá Arúgbó padà fún wọn?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe."

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo la ẹnu mi láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu ara mi fa Arúgbó. Mo mọ bó ṣe ń gba agbára lára èèyàn, mo sì mọ̀ pé wọn ò ṣe rọ́bà àti sípíríǹgì rẹ̀ mọ́ níbikíbi. Mo tún mọ ohun tí Pọ́ọ́kú jẹ́. Tí wọ́n bá tún kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi lónìí, ìdáhùn kan náà ni mo máa fún wọn, kò sì sí nǹkan tó burú fún mi tó ìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lo Ìyàwó," ni mo wí. "Kí ẹni tó di okùn máa fà wọ́n jáde kí ìdajì àsìkò tó kọjá, tí omi bá nípọn. Kódà bí iṣẹ́ ò bá tíì tán."

Ó ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣe é. Kò tíì sí ẹni tí nǹkan kan ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tó lọ, mo pọn omi mímọ́ sínú garawa. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ rẹ́gúlétọ̀ náà lára. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fọ̀ ọ́. Mo dé e lórí kí n tó rì í. Ojú eyín ẹ̀gbọ́n mi wà lára rọ́bà ẹnu rẹ̀, lápá òsì ló jìn jù, nítorí pé eyín rẹ̀ kan lápá ọ̀tún ti yọ láti ìgbà tí a wà lókè ilé búrẹ́dì. Mo fọ gbogbo rẹ̀. Mo gbé e sórí aṣọ títí tó fi gbẹ.

Lẹ́yìn náà mo so ó mọ́ sílíńdà tó kún, mo sì wo abẹ́rẹ́. Mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà lọ sílẹ̀ dé ìdajì, mo wò ó. Mo jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dé ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò yí padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni a pàdánù. Nǹkan mìíràn kò bàjẹ́.